Díìsì Tó Ń Yẹ̀ Sẹ́gbẹ̀ẹ́

Bàbá Lúkmánì kò bínú nígbà tí Lábọ̀dé sọ fún un pé òun ti rí ṣọ́ọ̀bù ní Siporex, ní òdìkejì ìlú Abidjan. Ó nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá ọjọ́ Jímọ̀ kan tí wọn yóò ṣàdúrà fún un kó tó kúrò ní Koumassi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí ni Lábọ̀dé ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ilé rẹ̀ ló ti ń jẹun, bàbá náà ló sì bá a tọrọ Mùkàrámà ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí obìnrin náà. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa ń fi àdúrà fúrídọ́ọ̀mù falẹ̀ títí ọmọ iṣẹ́ á fi hewú. Ti Lábọ̀dé kò rí bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni kílọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bàbá lẹ́nu. Igi ìgbálẹ̀ kan tó gbẹ́, tó sì fi téèpù dúdú wé títí ó fi bá ihò díìsì mu, ló fi ń tọ́ díìsì sáàárín láti ọjọ́ tó ti dé Abidjan. Bó bá ti de bóòtù tán, tó yọ igi náà, gíáàbọ́ọ̀sì á wọlé wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe gbàkà, bọ́ọ̀sì èrò, ti ará Abobo kan, wọ́n gbé gíáàbọ́ọ̀sì sókè, wọ́n tì í, wọ́n tún un tì, kò wọlé. Díìsì ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ojú mi ni," bàbá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ó ti ń ṣú. Má jẹ́ kí chauffeur gbọ́ o."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ ra centreur ní Adjamé. Le vrai, ti plastique tí wọ́n dìídì ṣe fún títọ́ díìsì."

"Èmi, centreur? Laisse ça, fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣé kí gbogbo Koumassi máa fi mí rẹ́rìn-ín ni?"

Lábọ̀dé dúró dìgbà tí bàbá lọ kírun Àsárì. Ó tú bóòtù, ó tọ́ díìsì náà, ó tún un dè kíá. Nígbà tí bàbá padà dé, gíáàbọ́ọ̀sì wọlé. Bàbá kọjú sí onígbàkà, ó ní, "Tu vois? Ọwọ́ mi ò tíì kú." Ojú ti Lábọ̀dé. Ó ń ṣe é bíi pé ó purọ́ fún ẹni tó wò ó dàgbà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e, àti òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ yòókù ni bàbá ń ṣe bó ti yẹ, kílọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń bá a jà. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, bí wọ́n ti jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, bàbá nawọ́ sí ìsàlẹ̀ títì.

"Mùkàrámà ló ń bọ̀ yẹn. Kí ló dé tó fajú ro?"

Mùkàrámà gbé abọ́ attiéké kalẹ̀ fún bàbá pé kó jẹun, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì fa ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Onílé Siporex ní tá ò bá wọlé ní vendredi, Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, il va donner à quelqu'un d'autre, ẹlòmíràn ló máa fún. Mo ti gbálẹ̀ ibẹ̀ tán."

"Ta ló máa bá bàbá ṣe kílọ́ọ̀ṣì? Kò ríran mọ́."

"Ṣé ìwọ nìkan lọmọ iṣẹ́ tó ní ni?"

"Èmi nìkan ló kù."

Lábọ̀dé kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Ó ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun ti ń dunnú láti lọ nígbà tí ojú ọ̀gá òun ń ṣú. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá, ó ní òun ò lọ mọ́.

"Ah non. Ṣọ́ọ̀bù rẹ ńkọ́?"

"Ọlọ́run á pèsè òmíràn, Bàbá. Ẹ dárí jì mí pé mo tiẹ̀ rò ó."

Bàbá wolẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run san án fún un, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè wò ó. Lábọ̀dé rò pé ẹkún ni bàbá ń gbé mì, ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ sì tún dà á láàmú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní òun á yára lọ sọ fún onílé náà, òun á sì padà wá kí àwọn lè jọ gbé gíáàbọ́ọ̀sì Corolla tó wà nílẹ̀.

Nígbà tí takisí wọ́rọ̀wọ́rọ̀ tó gbé Lábọ̀dé ti lọ, Bàbá Lúkmánì wọ abẹ́ Corolla náà, ó dijú, ó fi ìka lásán tọ́ díìsì sáàárín, ó de bóòtù, ó ki igi bọ̀ ọ́ wò, igi sì wọlé wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló tú bóòtù, ó fi àtàǹpàkò ti díìsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún un dè, ó sì jókòó de Lábọ̀dé.