Ohùn Inú Yàrá Mùstàfá

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún Iléyá dé nígbà tí Ìbráhímù ti Èkó dé sí Ìlá. Kì í ṣe ọdún ló gbé e wá. Bàrákátù, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ilé ẹ̀gbọ́n Ìbráhímù, ló pè é lórí fóònù.

"Bàbá Èkó, ẹ wá wo ilé yín o. Ohùn ọkùnrin kan wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ohùn Tíṣà."

Mùstàfá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní Tíṣà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òun sì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Bó bá pe ìrun àsùbáà, ẹni tó ti gbéra lọ sóko á gbọ́ ọ lọ́nà. Àmọ́ ikọ́ kan mú un tí kò lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti padà dé, ẹlòmíràn ló ń pe ìrun. Bí Ìbráhímù bá pè é lórí fóònù, Fáòsíátù ìyàwó Mùstàfá ló máa ń gbé e. Ìgbà gbogbo ló máa ń ní Mùstàfá ń sùn.

Nígbà tí Ìbráhímù sọ̀ lórí ọ̀kadà, ọkùnrin kan jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó da kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan dojú dé orí tábìlì, ó ń yọ́ òjé sí ìdí wáyà. Ìbráhímù mọ ẹ̀rọ náà. Mùstàfá ló rà á nígbà tó ṣì ń kọ́ni ní ìṣirò. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti wà lókè àjà. Ọkùnrin náà ni Olúsọjí, tó ń tún rédíò ṣe lọ́jà.

"Kí lo fẹ́ fi òkú ẹ̀rọ yìí ṣe?"

"Kò kú o, bàbá. Ohùn ẹ̀ ni ò jáde dáadáa. Inú tẹlifíṣọ̀n ló ń gbà, ó sì ń kùn bíi yànmùyánmú. Mo fẹ́ fa wáyà láti ìdí ibi tí ohùn ti ń ṣẹ̀ wá gan-an, kó bọ́ sínú ańpílífáyà tààrà. Kíkùn yẹn á lọ. Ẹni tó bá wà lójú títì á gbọ́ ọ ketekete."

"Ta ló ní kí o ṣe é?"

Olúsọjí bojú wẹ̀yìn. Fáòsíátù ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Olúsọjí tẹjú mọ́ wáyà rẹ̀.

Fáòsíátù kúnlẹ̀ kí àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó ti rù. Nígbà tó dìde, ojú ọ̀nà náà ló tún dúró sí.

"Ẹ̀gbọ́n yín ń sùn."

"Mo fẹ́ rí wọn."

"Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Ẹni tó ń sùn ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀la."

Ìbráhímù gbé báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Bàrákátù. Láti ibẹ̀ ló ti rí Olúsọjí tó gbé kọ̀ǹpútà náà wọlé, tó sì padà wá gbé sípíkà ńlá méjì. Nígbà tó jáde, ó nu ọwọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàrákátù dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Ó nàka sí ògiri.

"Ẹ tẹ́tí."

Ariwo wẹ́wẹ́ kan ni Ìbráhímù kọ́kọ́ gbọ́, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń ta ayò. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan dún. Ó le, ó nípọn, kò sì mí láàárín ọ̀rọ̀. Ó sọ Yorùbá bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú.

"Fáòsíátù. Gbé omi wá."

Ìbráhímù fetí mọ́ ògiri. Ta ni ọkùnrin yìí, tó ń pàṣẹ fún ìyàwó ládàánì nínú ilé rẹ̀, tó sì ń ta ayò?

Ariwo wẹ́wẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́.

"Ìbráhímù ti dé. Má jẹ́ kó wọlé."

Fáòsíátù bú sẹ́kún. "Mi ò lè purọ́ fún wọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn."

"Rárá."

Bàrákátù fọwọ́ bo ẹnu. Ìbráhímù dìde dúró. Kì í ṣe pé ọkùnrin kan wà níbẹ̀ ló bà á lẹ́rù jù. Láti ìgbà tó ti jókòó, kò tíì gbọ́ ohùn Mùstàfá rárá, ì báà ṣe ikọ́.

"Ṣé Tíṣà ṣì wà láyé báyìí?" ni Bàrákátù bi í, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú lọ.

Ìbráhímù ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fa irin tí wọ́n fi ń dábùú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yọ, ó sì kọjá sí ilé kejì. Fáòsíátù pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ má wọlé! Ẹ má rí wọn báyìí, ẹ dákun!"

Ó já ara rẹ̀ gbà. Ilẹ̀kùn yàrá ti wà ní títì látinú. Ó fi èjìká gbá a, kò ṣí. Nínú yàrá, ariwo wẹ́wẹ́ náà ń yára, ó ń yára. Ó gbé irin sókè, ó fi fọ́ ojú kọ́kọ́rọ́, ó sì wọlé pẹ̀lú irin lókè orí.

Mùstàfá nìkan ló wà níbẹ̀, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, ihò tí wọ́n lu sí i lọ́fun ní Ìbàdàn ń mí hẹlẹhẹlẹ lókè ọrùn bùbá rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì tó kù nínú ọ̀rọ̀ tó ń kọ, ohùn àlejò náà sì ti inú sípíkà méjèèjì jáde: "Ìbráhímù. Èmi ni."