Fọ́tò Ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n

Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, iṣẹ́ alágbàárù ni wọ́n sì jọ ń ṣe. Ẹni tó bá ń kó kúrò nílé á pè wọ́n, wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì àti àga rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sínú ọkọ̀. Tí wọ́n bá ń gbé ẹrù lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀gbọ́n ló máa ń wà lókè, nítorí òun ni ọ̀gá, òun ló ń pàṣẹ: rọra, yà sọ́tùn-ún, dúró. Àbúrò ló máa ń wà nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ńlá kan ni wọ́n ń gbé bọ̀ láti àjà kẹrin. Bí wọ́n ṣe dé àjà kẹta, àbúrò ní kí àwọn sinmi.

"O tún ti bẹ̀rẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Àjà kan, ìsinmi kan. Ṣé o lóyún ni?"

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀."

"Tí iṣẹ́ bá ti sú ẹ, sọ fún mi. Àbúrò ìyàwó mi ń wáṣẹ́."

Ó fi ìbínú fa kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́ra. Nǹkan kan já ní ìbàdí rẹ̀, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú igbe. Kò lè dìde, kò lè yí, kò tiẹ̀ lè wúkọ́. Àbúrò nìkan ló fi àyà ti ẹrù náà mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ó pọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹta, ẹ̀gbọ́n ń bú u títí wọ́n fi dénú ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ẹ̀gbọ́n sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àbúrò ló jọ̀wọ́ ẹrù náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti wọlé ọkọ, "ẹ" ló máa ń lò fún àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló yí i padà.

"Ìwọ lo fẹ́ pa ọkọ mi," ló wí.

Ó mọ ọkùnrin kan tó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn èèyàn títí egungun á fi padà sáyè rẹ̀. Ó fẹ́ ránṣẹ́ pè é. Ẹ̀gbọ́n ní abẹ́rẹ́ lòun fẹ́, èyí tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn gan-an, kóun lè padà síbi iṣẹ́ lọ́la.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ yín o," ni àbúrò wí. "Abẹ́rẹ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, ìrora á tún padà. Ẹ sùn sílẹ̀ tó le, ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún. Ká lọ ya fọ́tò egungun ná."

"Ìgbà wo lo di dókítà?"

Àbúrò yọ oògùn kan lápò, wọ́n ti lo ìdajì rẹ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n jẹun kó tó lò ó. Ẹ̀gbọ́n lò ó, ó sì sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tó ti rí oògùn náà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ya fọ́tò nílé ìwòsàn, wọ́n sì ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́bọ̀. Ẹ̀rù ń ba ẹ̀gbọ́n. Ó ti gbọ́ pé ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ sí lẹ́yìn lè má gbẹ́rù mọ́ láyé, iṣẹ́ yìí nìkan ló sì mọ̀. Bí ẹ̀rù ṣe ń bà á, bẹ́ẹ̀ ló ń bú àbúrò rẹ̀. Ó ní ọ̀lẹ ni. Ó rán an létí ọdún tó kọjá tó pa iṣẹ́ jẹ fún ọjọ́ méjì, tó ní òun lọ kí ọ̀rẹ́ kan.

Lọ́jọ́bọ̀, akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì béèrè orúkọ bàbá wọn. Ìyàwó dá a lóhùn, akọ̀wé sì lọ mú àpòòwé ńlá kan wá láti orí pẹpẹ. Wọ́n tẹ́ ẹ̀gbọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì níwájú dókítà. Àbúrò dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì méjì tí ìyàwó di aṣọ àti oúnjẹ sí, bí ó bá di pé wọ́n á dá ọkọ rẹ̀ dúró.

Dókítà gbé fọ́tò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Egungun mẹ́ta nísàlẹ̀ yìí ti bàjẹ́ tán. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, ó ti pẹ́ gan-an. Ẹni tó ní ẹ̀yìn yìí kò yẹ kó gbé garawa omi. Tí a kò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ẹsẹ̀ méjèèjì lè kọ̀ṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún. Ìyàwó yíjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o gbọ́? Gbogbo ìgbà tó o fi ń sinmi, ohun tójú ọkọ mi ń rí nìyẹn."

"Mo ń kú lọ lókè," ni ẹ̀gbọ́n wí, "ìwọ ń mí nísàlẹ̀. Láti òní lọ, má dé ibi iṣẹ́ mi mọ́. Dókítà, ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ náà."

Àbúrò na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà. Fọ́tò náà ló ń wò.

Dókítà ní kí ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ó gbé e. Dókítà ní kó gbé tòsì. Ẹ̀gbọ́n fajú ro, àmọ́ ó gbé e sókè dáadáa, ó sì tún mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ márààrún.

Dókítà tún mú fọ́tò náà, ó ka orúkọ tó wà létí rẹ̀ délẹ̀, ó ka ọjọ́ tí wọ́n yà á lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn náà ó gbójú kúrò lára ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ fún èyí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pé kó rọra gbé báàgì méjèèjì kalẹ̀.