Àgbò Fi Iṣu Ìjà Ra Orin

Àlọ́ mi forí sọlẹ̀, ó sáré, ó kan Àgbò, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò inú ẹranko.

Iṣu ni àwọn ẹranko ń san láti wòran ìjà. Ẹni tó bá borí a gba òkìtì ńlá, ẹni tó bá lulẹ̀ a gba kékeré. Gbogbo ìgbà ni Àgbò ń kan Òbúkọ lulẹ̀. Kó tó délé, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà á ti bò ó:

*Ta ló kàn án tó fi ṣubú?*
*Àgbò, oníwo irin!*
*Ta ni yóò fún wa jẹ?*
*Àgbò, oníwo irin!*

Orí Àgbò á wú, á sì pín iṣu náà tán pátá.

Àgùtàn ìyàwó rẹ̀ pariwo títí. "Baálé mi, ẹ jẹ́ ká gbin díẹ̀!"

"Èmi? Kí n máa kọ ebè? Ṣebí mo tún ń jà lọ́la!"

Ó dọjọ́ kan, ìwo kán, ìjà parí, ebi wọlé. Àgbò gba oko Òbúkọ lọ, ó bá iṣu jaburata níbẹ̀.

"Níbo lo ti rí èyí? Ṣebí èmi ni mò ń nà ọ́!"

"O nà mí lóòótọ́. Iṣu tí mo gbà nígbà tí o nà mí ni mo gbìn."

Àánú ṣe Òbúkọ, ó fún un ní èbù apẹ̀rẹ̀ kan pé kó lọ gbìn ín. Àgùtàn ti kọ ebè sílẹ̀ dè é. Àfi bí ẹ̀gà ṣe tún gbẹ́nu lé e lójú ọ̀nà:

*Ta ni yóò fún wa jẹ?*
*Àgbò, oníwo irin!*

Kò kúkú níwo mọ́! Síbẹ̀ orí rẹ̀ wú. Apẹ̀rẹ̀ òfìfo ló gbé délé.

Àgùtàn wo apẹ̀rẹ̀, ó wo ebè.

"Ó dáa. Ẹ gbin orin náà síbẹ̀, ká wò ó bóyá á hù."