Ìdáhùn Àlọ́ Ojú Ewé Kẹtàdínlógún

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda àlọ́ ojú ewé kẹtàdínlógún inú ìwé yín fún wa, ká fi ṣe ìdíje ẹgbẹ́ olólùfẹ́ àlọ́ lọ́la.”

Alága ẹgbẹ́ náà ló ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Oṣù kan gbáko ló ti ń wá ìdáhùn àlọ́ náà tì, bẹ́ẹ̀ ó ti fọ́nnu fún gbogbo ẹgbẹ́ pé bí ẹní mumi ni.

“Mo yọ̀ǹda,” ni òǹkọ̀wé dáhùn.

“Ẹ ṣé, mà. Ìdáhùn rẹ̀ ńkọ́? Kí n kàn fi wé tèmi ni o.”

“Tìrẹ dà, ọmọ mi? Tètè sọ ọ́! Ìyá mi ló pa á fún mi, ó kú láì sọ ìdáhùn. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè pè mí.”

Ẹ̀rín ara rẹ̀ pa alága.

“Màmá, ẹ wá lọ́la. Ká jọ jókòó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.”