Jágúà Táyélolú

Jágúà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú ni ti Táyélolú. Pọ́ọ̀ṣì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ni tèmi, Kẹ́hìndé. Bí a ṣe pín in nìyẹn, ẹ̀rín sì pa wá lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tó ti ku èmi nìkan, mi ò lè wo Jágúà yẹn lójú mọ́. Mo yọ bátìrì rẹ̀, mo sì ti gáréèjì pa.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adéṣọ̀kàn dé sílé mi n'Íbàdàn láti ra ọ̀kan. Mo ṣí gáréèjì fún un, ó ń fi méjèèjì wéra. Ó ní Pọ́ọ̀ṣì mọ kọ́nà í yà, àmọ́ ẹwà Jágúà kò lẹ́gbẹ́. Ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì Jágúà, ó sì yára gbé ọwọ́ kúrò.

"Ta ló ni èyí, sà?"

"Ìkejì mi ni."

"Níbo ni wọ́n wà?"

Mo dá a lóhùn bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa sọ ọ́ nípa ìbejì tí kò sí mọ́. "Ó lọ sí Èkó."

"Á jẹ́ pé wọ́n ti dé, sà. Èkó lèmi náà ti ń bọ̀. Ọkọ̀ yìí ló ṣíwájú mi títí dé ẹnu géètì yín."

Mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Ó gbóná bí iwájú orí Táyé lọ́jọ́ tí a gbé e lọ sí ọsibítù.

"Káàbọ̀," ni mo wí. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, mi ò sì gbé e kúrò títí tó fi tutù.