Likẹ́nì Erékùṣù

Idriss lọ wá likẹ́nì ní erékùṣù kan láàrin òkun, ohun pẹlẹbẹ tí í lẹ̀ mọ́ èèpo igi bí ìpẹ́pẹ́. Ó fi díẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀, Sìdíkátù, ló gbé e wá fún Qoreebah, ìyàwó rẹ̀. Ó ní èrò ọkọ̀ òfuurufú kan ló bá a mú un dé. Ìyá náà ni wọ́n tún pè nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tó gbé Idriss dojú dé. Wọn kò rí òkú. Wọ́n ṣe fídáù ní Broukro, níbi tí wọ́n ń gbé.

Qoreebah jáde opó, ó padà sí yàrá àyẹ̀wò tí òun àti Idriss ti jọ ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ. Bí wọn kò bá gbé e, kò ní bèèrè. Wọn kò bímọ; Sìdíkátù kò sì fi ọ̀rọ̀ náà gún un lára rí.

Ìyá náà máa ń wá wò ó lẹ́nu iṣẹ́.

"Ṣé ẹ lè mọ ibi tí irú nǹkan yìí ti hù?"

"A máa gé e, Ìyá, a ó kán oògùn sí i, a ó wo inú rẹ̀. Tí kò bá jọ èyí táyé ti mọ̀, orúkọ Idriss la máa sọ ọ́."

Sìdíkátù dìde láti máa lọ.

"Má da ara rẹ láàmú, ọmọ mi. Jẹ́ kí òkú sùn."

Nígbà tí àyẹ̀wò parí, Màdáàmù Agnes, ọ̀gá wọn, pe Qoreebah.

"Kì í ṣe tuntun. Ara igi òrí ní Marabadiassa nìkan la ti rí i rí. Kò lè hù létí òkun, iyọ̀ inú atẹ́gùn á pa á. Bóyá ẹ ṣèèṣì da tiwa tó wà níbí tẹ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tí Idriss fi ránṣẹ́."

"Bóyá," ni Qoreebah wí.

Ó pe Sìdíkátù láti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ orúkọ náà kò ní ṣeé ṣe mọ́. Ìpè náà kò wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Marabadiassa láti ha òmíràn wá, kí ó lè fi méjèèjì wéra.

Igi òrí tó tóbi jù níbẹ̀ wà lẹ́yìn ilé kan. Lábẹ́ rẹ̀, Sìdíkátù na ẹsẹ̀, ó ń wẹ ọmọ tuntun, Idriss sì ń bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i lọ́wọ́.