Ìlù Tó Máa Ń Dúró De Mànàmáná

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sì fi í sílẹ̀ o. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹ kà á tán, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i.

1.
Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ló ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan, àbúrò ló ń kọrin. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti fi ọ̀pá lu ìlù, gbogbo fèrèsé á máa gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ààrá. Àbúrò wá ń jẹ́ Mànàmáná.

Ohun tí àwọn èrò ò mọ̀ ni pé akólòlò ni Mànàmáná. Láti kékeré ni. Tí ọ̀rọ̀ bá há a lọ́fun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa fi ìka lu tábìlì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ọ̀rọ̀ náà á fi jáde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a dé orí ìtàgé. Bí ọ̀rọ̀ bá ti há Mànàmáná, Ààrá á ti mọ̀ láti ẹ̀yìn, á tún ìlù ibẹ̀ lù lẹ́ẹ̀kan sí i, á dúró dè é. Àwọn èrò á pariwo, wọ́n á rò pé àrà ni wọ́n ń dá.

2.
Nígbà tó yá, orin wọn ò fi bẹ́ẹ̀ wu àwọn ọ̀dọ́ mọ́. Ọ̀gá sítúdíò tó ń gba orin wọn sílẹ̀ pè wọ́n jókòó. "Ẹ jẹ́ kí orin yín fúyẹ́ díẹ̀. Orin pọ́ọ̀pù layé ń jó báyìí, èyí tí ọmọdé á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí á máa kọ ọ́ lọ sílé."

Kò sóhun tó burú níbẹ̀ o. Orin fífúyẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Onígìtá ẹgbẹ́ wọn gbà, gbogbo wọn gbà.

Lọ́jọ́ kan tí Ààrá ò sí ńlé, ọ̀gá sítúdíò bi Mànàmáná pé, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́? Ṣé ó lè lu ìlù jẹ́jẹ́, àbí ká fi ẹ̀rọ rọ́pò ẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń dun Mànàmáná pé ẹnì kan wà tó mọ àṣírí òun. Ó rò ó lọ́kàn ara ẹ̀ pé tí ẹ̀rọ bá ń lu ìlù, òun nìkan ni wọ́n á máa yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò lè lu jẹ́jẹ́," ló dáhùn. "Ariwo nìkan ló mọ̀. Ẹ lo ẹ̀rọ."

Kò bi í o! Kò bi ọmọ ìyá ẹ̀ léèrè rárá.

3.
Nígbà tí Ààrá dé yàrá tí wọ́n ti ń kọrin, ẹ̀rọ ló bá lórí àga ẹ̀. Ó gbé àpò kékeré kan há abíyá.

"Ṣé ìwọ lo sọ pé mi ò lè ṣe é?"

Mànàmáná ò gbójú kúrò lára fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ayé ló yí padà. Ẹ má bínú."

"Tí ọ̀rọ̀ bá há ẹ lọ́fun ńkọ́?"

"Kò ní há mi."

Ààrá ò tú àpò náà. Ó yí padà, ó lọ.

Orin tuntun jáde, ó gba ìgboro kan. Ní sítúdíò, tí ọ̀rọ̀ bá há a, wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n á gé e, wọ́n á tún un kọ. Ta ló máa mọ̀? Mànàmáná di gbajúmọ̀. Màmá wọn pè é pé, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ti lọ gbaṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Jọ̀ọ́, bá a sọ̀rọ̀." Ó ní ọwọ́ òun dí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá pè é, ó tún pè é. Ó rí i, kò gbé e. Ó ní òun á pè padà, kò sì pè.

4.
Ọjọ́ òde ńlá pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lù, Mànàmáná ń kọrin, ni ọ̀rọ̀ kan bá há a lọ́fun. Ó bojú wẹ̀yìn bó ṣe máa ń ṣe. Iná pupa kékeré ara ẹ̀rọ ló rí.

Ẹ̀rọ ò dúró. Ègbè kọjá, ẹsẹ tó tẹ̀ lé e kọjá, "m-m-m" ló ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Àwọn èrò kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Fóònù lọ sókè, wọ́n ń ya fídíò ẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí gbogbo èèyàn ti ń fi fídíò náà ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn tó ti pè é sóde fagi lé e. Ọ̀gá sítúdíò ò gbé fóònù ẹ̀ mọ́.

5.
Ìgbà yẹn ló rántí ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ìyàwó Ààrá ló ṣílẹ̀kùn.

"Ọkọ mi, ẹ ṣì mọ ilé wa?"

Obìnrin náà wọlé, ó gbé àpò kékeré tí Ààrá há abíyá lọ́jọ́sí jáde, ó tú u. Ọ̀pá ìlù méjì ni, tí wọ́n fi aṣọ múlọ́múlọ́ wé lórí.

"Látọjọ́ tí ọ̀gá yín ti ní kí orin fúyẹ́ ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lù ú jẹ́jẹ́. Orí ìrọ̀rí ló ti ń kọ́ ọ, kó má baà jí ọmọ. Ọjọ́ tó fẹ́ fi hàn yín ló bá ẹ̀rọ lórí àga ẹ̀."

Ni Ààrá bá jáde. Mànàmáná wo ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Àtàǹpàkò nìkan ló kù níbẹ̀. Ayùn ibi iṣẹ́ ti gé ìka yòókù.

"Ọjọ́ tí Màmá ń pè ẹ́ léraléra ló ṣẹlẹ̀," ni Ààrá wí.

Mànàmáná dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ d-d-d..." Ó há. Ojú ẹ̀ kún fún omijé, ọ̀rọ̀ ò jáde.

Ààrá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì lu férémù ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ó dúró dè é.

"Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Dìde."

Ó dárí jì í lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìka ò hù padà, kò sì sẹ́ni tó máa mú ọ̀pá ìlù wọ̀nyẹn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ yí orin yín padà tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan ò lè ṣe nǹkan, ẹ bi í ná. Ẹni tó ń bo àṣírí yín, ẹ má tìtorí pé ó mọ̀ ọ́n lé e dànù. Ẹ wá a lọ lónìí, nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ ṣì pé. Tí Màmá bá sì ń pè, ẹ gbé e.